Àjíbíkẹ́ àti Iyùn Tó Ń Mí

Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ lójú títì márosẹ̀ ní Ibafo, tó sì béèrè Ìyá Ikram ẹlẹ́ja yìnyín, kò ní í rìn jìnnà kó tó rí ẹni tó máa nàka sí ìsọ̀ rẹ̀. Àjíbíkẹ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ọbáfẹ́mi níbi tí wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀, àfi ọkọ rẹ̀. Obìnrin pupa ni, ó sanra níwọ̀nba, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń tutù nígbà gbogbo nítorí fíríísà tó ń kì í bọ̀ láti àárọ̀. Ó ń ta kótẹ̀, ó ń ta ṣàwá, ó ń ta pánlá. Bí ẹja bá ti yọ́ rí kí wọ́n tó tún un dì, kò sí bí yìnyín ṣe lè bò ó tó tí Àjíbíkẹ́ kò ní í mọ̀.

Ọkọ rẹ̀, Mùsáfírù, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Yàrá ẹ́ńjìnnì ló ti ń ṣiṣẹ́, nísàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí ooru pọ̀ sí. Yóò kúrò nílé fún oṣù mélòó kan, yóò dé bí àlejò, tòun ti ẹ̀bùn lọ́wọ́, ẹ̀rín yóò gba ilé kan fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tún lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ Ikram, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, títí tó fi lọ sílé ọkọ ní Ìlọrin. Tọkọtaya náà kì í jà. Wọn ò tíì jọ gbé pọ̀ tó èyí tí wọ́n máa fi jà.

Nígbà tí orúnkún Mùsáfírù wá ń dùn ún débi pé kò lè gun àkàbà ọkọ̀ mọ́, ó fẹ̀yìn tì, ó wálé pátápátá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀. Yóò jókòó sí iwájú ilé láti àárọ̀, yóò máa wo àwọn tírélà tó ń sáré kọjá lójú títì, àfi bíi pé ó ń retí kí ọ̀kan nínú wọn dúró gbé òun. Bí Àjíbíkẹ́ bá ti ọjà dé, á ní, "Baba Ikram, ẹ kú ilé o. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Á dáhùn pé, "Mo ti jẹun."

Ó parí nìyẹn. Obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún retí ọkọ, ọkọ dé tán, kò wá mọ ohun tí yóò bá a sọ. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sádùúà. Ó ní kí Ọlọ́run fún baálé òun ní ohun tí yóò máa fi ọkàn sí.

Àdúrà náà gbà, ṣùgbọ́n kò gbà bó ṣe rò pé yóò gbà.

Lọ́jọ́ kan, Mùsáfírù lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Akute. Nígbà tó máa fi dé, kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Àjíbíkẹ́! Mo rí òkun lónìí."

"Níbo?"

"Ní Akute."

Àjíbíkẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tútù rẹ̀ kan iwájú orí ọkọ rẹ̀, bóyá ibà ló ń ṣe é. Mùsáfírù gbá ọwọ́ náà kúrò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, Ashraf lorúkọ rẹ̀, ẹja tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé ló ń tà. Ọmọkùnrin náà ní àpótí gíláàsì kan tó fẹ̀ bíi tábìlì ìjẹun, omi oníyọ̀ ló kún inú rẹ̀, ẹja pupa onílà funfun ń lúwẹ̀ẹ́ kiri láàárín òkúta, iyùn sì ń hù lára òkúta náà.

"Iyùn bíi ti ọrùn?"

"Iyùn tó wà láàyè! Ó ń mí, Àjíbíkẹ́. Ó ń jẹun. Gbogbo ọdún tí mo fi wà lórí omi, abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà, mi ò mọ̀ pé ohun tó wà lábẹ́ tèmi nìyẹn."

Ó pẹ́ kí Àjíbíkẹ́ tó lè sùn lọ́jọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ kò sọ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì.

Kò ju oṣù kan lọ tí àpótí gíláàsì fi wọ pálọ̀ wọn. Àjíbíkẹ́ kùn díẹ̀, kí a má purọ́. Ó ní òun tí òun ń ta ẹja, àwọn ẹja wá fẹ́ bá òun délé, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní í jẹ sì ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ gbọ́, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ṣùgbọ́n Ashraf wá, ó bá Mùsáfírù to òkúta, wọ́n da yanrìn funfun sí i, wọ́n gbé pọ́ọ̀ǹpù tó ń da omi láàmú síbẹ̀, wọ́n so iná aláwọ̀ búlúù àti funfun kọ́ sókè rẹ̀, wọ́n sì gbé fáànù kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ kan kó máa fẹ́ ojú omi náà, nítorí ooru Ibafo kò mọ ọmọ òkun yàtọ̀. Sólà tó wà lórí ilé ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ró bí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ. Omi náà wà bẹ́ẹ̀ láìsí ohun abẹ̀mí nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè fara rọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹja méjì dé, iyùn kéékèèké sì tẹ̀ lé wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Àjíbíkẹ́ fẹ́ lọ ṣí ìsọ̀, ó sì kọjá níwájú gíláàsì náà. Iyùn kan tó dà bí òkúta lásán lánàá ti yọ ẹnu wẹ́wẹ́ síta, púpọ̀ wọn, ó ń nà wọ́n, ó ń ká wọn, bí ọmọ tuntun tó ń ṣí ìka. Obìnrin náà dúró. Ó ti gbé ìlẹ̀kẹ̀ iyùn sọ́rùn lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì rẹ̀, ó sì ti gbé e sọ́rùn Ikram pẹ̀lú, kò sì ronú rí pé ohun kan wà lára àwọn ìran rẹ̀ tó ń jẹ tó ń mu.

"Baba Ikram, ẹ wá wò ó o. Ó ti jí."

"Mo ti rí i láti ìdájí," ni Mùsáfírù wí. Ó ti gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ àga kejì. "Jókòó."

Ọjà Àjíbíkẹ́ pẹ́ ẹ́ ṣí lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni tọkọtaya náà ti ní ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀, àwọn dókítà ní àyè ti wà láti ṣe iṣẹ́ abẹ sí orúnkún Mùsáfírù ní Abẹ́òkúta. Yóò pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ kó kọ́ ìrìn kó tó padà wálé. Ikram ti Ìlọrin wá láti dúró ti bàbá rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lè máa bójú tó ọjà àti ilé. Lọ́jọ́ tí mọ́tò wá gbé wọn, awakọ̀ ti ń fọn fèrè lẹ́nu géètì, Mùsáfírù ṣì ń tọ́ka sára gíláàsì.

"Wo àmì tí mo fà síbí yìí. Bí omi bá ti wálẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, kún un. Oúnjẹ wọn, bín-ín-tín ni o. Iná máa ń tàn fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án, á sì kú fúnra rẹ̀, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu."

"Mo ti gbọ́. Ẹ máa lọ. Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn."

Kò sọ irú omi tí yóò fi kún un. Ohun tó ti mọ́ èèyàn lára, kì í rántí pé ẹlòmíràn kò mọ̀ ọ́n.

Dúrọ́ọ̀mù búlúù kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, omi oníyọ̀ tí Mùsáfírù pò sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tó fi máa ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi àpótí náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àjíbíkẹ́ rò ó pé ohun tó ti òkun wá, omi òkun ló yẹ ẹ́. Ọyẹ́ sì ń fẹ́ lọ́nà tó ń la ètè. Aṣọ tí wọ́n bá sá, kíá ló ń gbẹ. Omi inú gíláàsì náà ń wálẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni pé ẹnì kan ń bù ú mu, Àjíbíkẹ́ sì ń bù láti inú dúrọ́ọ̀mù, ó ń kún un dé ojú àmì láì yẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn iyùn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọlé. Èyí tó máa ń nà bí ìka ọmọ tuntun kò nà mọ́. Àwọn yòókù rún mọ́ra wọn. Àjíbíkẹ́ wo ojú ọ̀run tó ṣú fún eruku, kò rí oòrùn dáadáa, ó ní, "Á à, àìrí ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ wọ́n níyà." Bọ́tìnnì kan wà lára iná náà, ó yí i dé òpin. Ó tún yọ ohun tó ń pa á fúnra rẹ̀ kúrò, ó jẹ́ kó máa tàn láti ìgbà tó bá ti kírun àsúbáà títí tó fi máa lọ sùn, kí àwọn ẹ̀dá Ọlọ́run náà má bàa nìkan wà nínú òkùnkùn. Iná tó le yìí mú kí omi túbọ̀ gbóná, fáànù ń fẹ́, ọyẹ́ ń fẹ́, omi túbọ̀ ń gbẹ. Ó túbọ̀ ń bu omi oníyọ̀ kún un.

Bí èèyàn bá ń fi ìfẹ́ pa nǹkan, kì í tètè mọ̀.

Lórí fóònù, Mùsáfírù á béèrè pé, "Àwọn ará ilé wa ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa," ni Àjíbíkẹ́ á wí. Wọ́n ti la orúnkún ọkùnrin náà, wọ́n sì ti rán an pa dà, ara ń ro ó. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún un pé iyùn rẹ̀ kan ti ń funfun láti orí, pé ewédò ti ń bo gíláàsì, pé ẹja méjèèjì kò fẹ́ jẹun mọ́? Á gbé fóònù sílẹ̀, á jókòó sí àga tirẹ̀ nínú méjèèjì, á máa wò wọ́n. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wà báyìí títí di ọjọ́ kan tó ń se ọbẹ̀ ata ní ọ̀sán. Ó ti fi iyọ̀ sí i, ó ti tọ́ ọ wò, ó dára. Oníbàárà kan wá bá a ní géètì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìsìnkú tí wọ́n fẹ́ fi ẹja ṣe oúnjẹ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gùn. Nígbà tó máa fi pa dà sí ìdí iná, ọbẹ̀ ti fà, ó ti ki pọ̀. Ó fi ṣíbí bù ú, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sún kì. Iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ó bu omi sínú ife láti fi là á.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè.

Kò sí ẹni tó fi iyọ̀ mìíràn sínú ọbẹ̀ yìí. Omi ló lọ. Iyọ̀ ò lọ síbì kankan, ìdí ìkòkò ló jókòó sí. Ta ni obìnrin tí ọbẹ̀ rẹ̀ á fà, tí yóò wá fi omi oníyọ̀ là á?

Ó pa iná. Ó wọ pálọ̀ lọ, ó ti ìka bọ inú omi gíláàsì, ó kàn án mọ́ ahọ́n, ó tutọ́. Ó lọ tọ́ ti inú dúrọ́ọ̀mù wò. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá. Ti inú gíláàsì dà bí omi tí wọ́n fi rẹ ẹja tí wọ́n fẹ́ sá.

"Yéè! Èmi Àjíbíkẹ́, mo ti ń se wọ́n lọ́bẹ̀!"

Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó pọn ọ́n kún. Ó ti gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀ kó tó rántí pé ó yẹ kí òun pe Ashraf ní Akute. Ọlọ́run ló ní kó rántí. Ọmọkùnrin náà gbé fóònù, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin, kò bínú.

"Màámi, òótọ́ ni ohun tí ẹ rí yẹn. Omi nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbé lọ, iyọ̀ ò lè fò. Omi lásán lẹ máa fi ń dípò èyí tó gbẹ. Ibo ni bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wà báyìí?"

"Ọwọ́ mi ló wà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ má dà á sí i o! Bí ẹ bá la omi yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó máa bá wọn lójijì, gbogbo wọn á kú. Díẹ̀díẹ̀ ni, ìwọ̀nba láàárọ̀, ìwọ̀nba nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ omi yín ńkọ́, ṣé omi rẹ̀ mọ́?"

Àjíbíkẹ́ wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Omi ilẹ̀ Ibafo nìyẹn, tó máa ń sọ aṣọ funfun di àwọ̀ ìpẹtà. "Kò mọ́," ló wí.

"Ẹ má lò ó. Ẹ wá omi tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa, irú èyí tí àwọn oní-píọ̀-wọ́tà ń sẹ́. Iná ńkọ́?"

Àjíbíkẹ́ sọ bó ti ṣe iná.

"Màámi, ìmọ́lẹ̀ fún wọn dà bí oúnjẹ fún wa. Ẹni tí ẹ bá ki oúnjẹ bọ̀ lẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́ láìjẹ́ kó sinmi, ṣé á gbádùn? Ẹ yí i wálẹ̀ báyìí, kó tàn lọ́sàn-án nìkan, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí òkùnkùn kàn wọ́n dáadáa. Mò ń bọ̀ wá wò wọ́n lọ́jọ́ Àìkú."

Ilé kẹta sí tiwọn ni Ládi ń gbé, ọkùnrin kan tó jẹ́ díkónì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́nà Mowe, tó sì ní ilé iṣẹ́ píọ̀-wọ́tà kékeré kan lẹ́yìn ilé. Àjíbíkẹ́ kò bá a ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ rí ju ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ilé lọ. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bá a. Ojú ń tì í láti sọ pé iyùn ló fẹ́ fún lómi, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Ládi tẹ́tí sí i dé òpin, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Ikram, ṣé àwọn nǹkan tí Baba Ikram fi hàn wá lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀ yẹn? Ìyàwó mi kò yé sọ̀rọ̀ wọn. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn wá." Ó lọ sídìí páìpù tí omi ti ń jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sẹ́ ẹ tán, ó gbé ẹnu kẹ́ẹ̀gì sí i fúnra rẹ̀.

"Èló ni mà á san?"

"Ẹ̀yin náà! Omi ni Ọlọ́run fi jíǹkí mi. Ẹ má rù ú, mo máa gbé e wá."

Láti ọjọ́ náà, kó tó ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, Ládi á gbé kẹ́ẹ̀gì kan wá sí ẹnu ọ̀nà Àjíbíkẹ́, á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, á sì lọ. Nígbà míì, bí obìnrin náà bá ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló máa rí. Bó ṣe ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà, á ní, "Ọlọ́run á bomi rin ìwọ náà o, Ládi." Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti ṣe nǹkan fún un láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ashraf mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó gbé ohun èlò kékeré kan dání tí wọ́n fi ń wo iyọ̀ inú omi, ó kán ẹ̀kán kan sí i, ó gbé e sójú bí ẹni ń wo òṣùpá. Ó ní ó ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń wálẹ̀, kí Màámi má kánjú. Ó gé àwọ̀n ẹ̀fọn sí awẹ́ mélòó kan, ó tò wọ́n lé ara wọn lórí, ó nà wọ́n sábẹ́ iná kó lè dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ó ní lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kó yọ awẹ́ kan, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ sí i kó yọ òmíràn, títí ojú wọn á fi tún mọ́ ìmọ́lẹ̀ náà lára. Ó jókòó, ó fi ike pẹlẹbẹ fá ewédò kúrò lára gíláàsì pẹ̀lú Àjíbíkẹ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ iyùn tó funfun, ó fọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́, ó mi orí.

"Èyí ti lọ, Màámi."

Iyùn tó kọ́kọ́ jí lójú Àjíbíkẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Obìnrin tó ń gé orí ẹja lójoojúmọ́ láìṣẹ́jú, ó fi ìborùn nu ojú. Ashraf wojú ibòmíràn títí ó fi nu ún tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwọn tó kù máa yè. Ẹni tó bá bójú tó wọn báyìí, wọ́n á yè fún un."

Wọ́n sì yè. Kò yá rárá. Ẹja méjèèjì ló kọ́kọ́ padà sórí oúnjẹ wọn. Lẹ́yìn wọn ni iyùn aláwọ̀ ewé kan tó wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti fi bẹ́ẹ̀ dé, yọ ẹnu kan ṣoṣo síta lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tún fà á wọlé, bí ẹni tó ń yọjú wo ojú ọjọ́. Àjíbíkẹ́ dúró tì í, kò mí. Ó tún yọ ọ́. "Alhamdulillahi," ni obìnrin náà wí, ó sì lọ sọ fún ìyàwó Ládi, nítorí kò lè dá ayọ̀ náà gbé.

Lọ́jọ́ tí Mùsáfírù dé, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ti nà. Ikram di apá kan mú, Àjíbíkẹ́ di èkejì. Wọ́n kò tíì dé pálọ̀ tí Àjíbíkẹ́ fi kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Baba Ikram, ẹ jọ̀ọ́, mo purọ́ fún yín lórí fóònù. Ọ̀kan kú. Èmi ni mo pa á."

Ikram la ẹnu sílẹ̀. Mùsáfírù wo ìyàwó rẹ̀, ó ní kó dìde. Ó wọ pálọ̀, ó jókòó sí àga rẹ̀, ó ń fi ojú ka àwọn tó kù nínú gíláàsì. Àjíbíkẹ́ ro gbogbo rẹ̀ fún un: ọyẹ́, dúrọ́ọ̀mù, iná, ọbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì Ládi, àwọ̀n ẹ̀fọn. Nígbà tó dé ibi ọbẹ̀, ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná. Tún ìyẹn sọ. O tọ́ ọbẹ̀ wò, o wá tọ́ òkun wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀rín tí Mùsáfírù rín, ó fi di orúnkún mú, ó ń ké "yéè, yéè," kò sì lè dákẹ́. Ikram náà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, omi wà lójú ọkùnrin náà, kì í sì í ṣe ti ẹ̀rín nìkan.

"Wò ó, mo wà lórí ibùsùn níbẹ̀, mò ń rò pé bí mo bá dé, gbogbo rẹ̀ á ti kú, mo sì ti sọ lọ́kàn mi pé mi ò ní í bi ọ́. Mi ò sọ irú omi tí wà á lò. Inú mọ́tò tó gbé wa lọ ni mo ti rántí, mo sì tún gbàgbé láti pè ọ́. O wá jókòó tì wọ́n." Ó fọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. "O ṣeun, Àjíbíkẹ́. O ṣeun gan-an."

Oníbàárà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Àjíbíkẹ́ lójoojúmọ́, bí èèyàn ṣe ń mí. Èyí yàtọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Mùsáfírù gbé ọ̀pá rẹ̀, ó rọra rìn dé ilé Ládi, ó lọ dúpẹ́. Àjíbíkẹ́ ti ṣa kótẹ̀ tó tóbi jù lọ nínú fíríísà rẹ̀, ó ti fi ránṣẹ́ síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, ó ní òun ti ronú sí ọ̀rọ̀ omi tó ń gbẹ yìí, pé kì í ṣe ohun tí ojú èèyàn nìkan lè ṣọ́. Ó ní kí wọ́n wá bọ́ọ̀lù tó máa ń wà nínú táǹkì ṣáláńgá aláfomiṣàn, èyí tó máa ń ti omi pa fúnra rẹ̀ bí táǹkì bá kún. Wọ́n rí èyí tó ṣì mọ́ lọ́dọ̀ aṣàtúnṣe páìpù kan. Nítorí orúnkún rẹ̀ kò tíì gbà á láti bẹ̀rẹ̀, òun ló jókòó sórí àga tó ń sọ̀rọ̀, Àjíbíkẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́.

"Yí i sí ọ̀tún. Rárá, ọ̀tún rẹ."

"Ọ̀tún mi nìyí!"

"Ó dáa, ọ̀tún tèmi."

Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi sísẹ́ sókè, wọ́n fa rọ́bà tín-ínrín láti ibẹ̀ wá sídìí bọ́ọ̀lù náà ní ojú àmì. Bí omi àpótí bá wálẹ̀ díẹ̀, bọ́ọ̀lù á tẹ̀ lé e, ọ̀nà á là, omi lásán á kán wọlé. Bó bá dé ojú àmì, bọ́ọ̀lù á tún dí i. Ọwọ́ Àjíbíkẹ́ ló so ó. Mùsáfírù ń wo omi tó ń kán, inú rẹ̀ ń dùn bí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá kọ́kọ́ dáhùn.

Láti ìgbà náà, Àjíbíkẹ́ ń tètè pa ìsọ̀ dé lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Òun ló ń wo iyọ̀, nítorí ojú ọkọ rẹ̀ kò rí fínnífínní mọ́. Òun náà ló ń pinnu ìgbà tí iná máa tàn àti ìgbà tó máa kú. Àwọn iyùn náà gbilẹ̀ débi pé Ashraf ní ó ti yẹ kí wọ́n gé díẹ̀ nínú wọn, kí wọ́n má bàa máa jà du àyè.

Nígbà tó wá gé wọn, ó mú ọ̀dọ́bìnrin kan wá, Morádéyọ̀, tó ń gbé ní OPIC Estate. Tirẹ̀ ló ti kú tán pátápátá ní ọyẹ́ yẹn, ó sì fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé kúlà kékeré kan dání, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà méjèèjì, ó jókòó sétí àga bí ẹni tó wá sọ ẹ̀bi ara rẹ̀.

"Mà, mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Mo ń bójú tó wọn gan-an ni o. Kò sí ọjọ́ tí mi ò fi omi kún un."

Mùsáfírù ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un.

"Irú omi wo ni, ọmọ mi?" ni Àjíbíkẹ́ béèrè.

"Omi oníyọ̀, mà."

Àjíbíkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọmọbìnrin náà dìde, ó mú un lọ sídìí gíláàsì, ó fi bọ́ọ̀lù hàn án, ó fi kẹ́ẹ̀gì hàn án, ó fi awẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn kan tó ṣì kù lábẹ́ iná hàn án. Ó sọ ọ́ fún un pẹ̀lẹ́, bí Ashraf ṣe sọ ọ́ fún òun. Lẹ́yìn náà ni Ashraf gé nínú iyùn aláwọ̀ ewé ìsàlẹ̀ yẹn, ó gbé e sínú ọ̀rá omi, ó gbé e sínú kúlà.

"Mà, kí ni kí n san?"

"Máa mú un lọ. Nígbà tí tìẹ náà bá pọ̀, wá ẹni tí tirẹ̀ ti kú, kí o gé fún un."

Ọmọbìnrin náà tún kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́ títí dé ẹnu géètì, ó gbé kúlà náà lé itan nínú kẹ̀kẹ́ bí ẹni gbé ọmọ. Àjíbíkẹ́ dúró lójú ọ̀nà títí kẹ̀kẹ́ fi yí sí ojú títì. Oòrùn ń wọ̀, wọ́n ti ń pe ìrun mọ̀gáríbì. Ó sọ lọ́kàn rẹ̀ pé Ọlọ́run ṣeun fún Akute tí ọkọ òun lọ, ó ṣeun fún Ládi, ó ṣeun fún ọmọkùnrin tó ní kí òun gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Mùsáfírù pè é láti inú ilé. "Àjíbíkẹ́, omi kẹ́ẹ̀gì ti fẹ́ tán o."

"Mò ń bọ̀," ló wí, ó sì wọlé lọ ṣe àlùwàlá.